Ta ni ó ni lẹ́tà V tó wà lára òkúta rédíò?

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ mú òkúta rédíò kan, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní píìlì, kí ẹ yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ ó rí i pé wọ́n kọ 1,5 V síbẹ̀. Orúkọ ènìyàn ni lẹ́tà V yẹn dúró fún. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ní ọdún 1791, dókítà kan ní ìlú Bologna, ní ilẹ̀ Ítálì, tẹ ìwé kan jáde. Luigi Galvani ni orúkọ rẹ̀. Ó ní òun fi irin oríṣi méjì kan itan ọ̀pọ̀lọ́ tó ti kú, itan náà sì ta gìrì bí ẹni pé ọ̀pọ̀lọ́ tún jí. Galvani ní inú ara ẹranko ni iná náà ti wá.

Alessandro Volta, olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú Pavia, kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Nígbà tó yá, ó ní rárá: irin méjì tí kò jọra ló bí iná náà. Àríyànjiyàn dé. Ṣùgbọ́n Volta kò fi ẹnu lásán jà. Ó mú fàdákà pẹlẹbẹ, ó mú síńkì pẹlẹbẹ, irin tí wọ́n fi ń bo ara páànù kí ó má baà dípẹtà. Ó fi aṣọ tí a rẹ sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn, ó sì tò wọ́n léra, ọ̀pọ̀lọpọ̀, bí ẹni to abọ́. Ó fi ọwọ́ kan kan òkè, ó fi èkejì kan ìsàlẹ̀: iná gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́! Kò sì sí ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1800, ó kọ ìwé nípa rẹ̀ sí àwọn ọ̀mọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ohun tí a tò léra ni àwọn Faransé ń pè ní pile. Ibẹ̀ ni píìlì wa ti wá. Galvani náà kò sì jẹ̀bi tán: lónìí a mọ̀ pé iná díẹ̀díẹ̀ ń rìn nínú iṣan ara wa.

Ẹ kíyè sí i: Volta fọwọ́ kan òkè àti ìsàlẹ̀. Iná ń fẹ́ ọ̀nà àlọ, ó sì ń fẹ́ ọ̀nà àbọ̀. Bí ọ̀kan bá já, kò ní rìn.

Omi ni ó ṣòro láti gbé kiri. Ní 1866, Georges Leclanché, ará Faransé, ṣe òkúta iná tirẹ̀, ṣùgbọ́n omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ní 1886, Carl Gassner ní Jámánì ṣe èyí tí kì í dà sílẹ̀.

Síbẹ̀, rédíò àtijọ́ ń lo ìgò bíi gílóòbù, tó gbọ́dọ̀ gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́. Ó ń jẹ òkúta iná púpọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1947, ní Amẹ́ríkà, John Bardeen àti Walter Brattain, tí William Shockley jẹ́ ọ̀gá wọn, ṣe transistor àkọ́kọ́. Ohun kékeré ni, kò nílò láti gbóná, iná díẹ̀ sì tó o. Ní 1954, rédíò àpò tó ń lò ó dé ọjà níbẹ̀. Bí rédíò ṣe di ohun tí a lè gbé lọ sí oko tí kò ní wáyà iná nìyẹn.

Nítorí náà, bí rédíò yín bá dákẹ́, ẹ má tètè sọ pé ó ti bàjẹ́. Ẹ wò ó bóyá irin tó di òkúta mú ti dípẹtà. Ẹ nù ún, nítorí ìpẹtà ń dínà iná. Ẹ wo àmì + àti −. Òkúta mẹ́rin tó tò dáadáa á fún un ní 6 V. Bí ọ̀kan bá wà ní òdì, 3 V péré ló kù. Ẹ yọ èyí tó ti kú, kí omi rẹ̀ má baà jẹ inú rédíò. Ẹ má sì jù ú sínú iná tàbí kànga.

Ẹni tó mọ̀wé kà ni yóò rí àmì yẹn.