Ọ̀daràn gẹ́gẹ́ bí Olú Ẹ̀dá Ìtàn nínú Sinimá Yorùbá

Olú ẹ̀dá ìtàn ni ẹni tí ìtàn dá lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì pọn dandan kó jẹ́ ènìyàn rere; síbẹ̀, ó pẹ́ nínú sinimá Yorùbá kí ọ̀daràn tó kúrò ní ipò ọ̀tá tí gbogbo ènìyàn ń retí ìṣubú rẹ̀, kó tó bọ́ sí àárín ìtàn gan-an, níbi tí òǹwòran ti ní láti máa tẹ̀ lé e bí kò tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀.

Nínú Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976, Adéyẹmí Afọláyan, ọmọ Agbamu ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ló ṣe ọdẹ tó ń bá olóṣèlú oníwà ìbàjẹ́ jà. Olóṣèlú ni olè, ọdẹ ni akọni, ojú òǹwòran sì ti mọ ẹni tí yóò pàtẹ́wọ́ fún kí iná gbọ̀ngán tó kú. Bákan náà ni eré Àrélù ti Jimoh Aliu lórí tẹlifíṣọ̀n rí: Òjó Arówóṣàfẹ́ ṣe ìkà níbẹ̀ títí orúkọ Fádèyí Olóró fi bo orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́lẹ̀, Fọlákẹ́ Àrẹ̀mú, ọmọ Olla ní ìjọba ìbílẹ̀ Isin, tó kojú rẹ̀, sì di Òrìṣàbùnmi títí ayé.

Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, iṣẹ́ Túndé Kèlání ní ọdún 1993, ló yí ọ̀rọ̀ padà. Olóyè Ọ̀tún Aṣíyanbí, tí Kareem Adépọ̀jù ṣe, lẹ̀dí àpò pọ̀ mọ́ àwọn méjì láti ta ilẹ̀ òrìṣà fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé epo sí i. Àwọn méjèèjì kú, ìbẹ̀rù sì bẹ̀rẹ̀ sí í lé Ọ̀tún kiri. Ojúkòkòrò rẹ̀ kò ṣeé gbóríyìn fún, ṣùgbọ́n òun ni kámẹ́rà ń tẹ̀ lé, ìpayà ojú rẹ̀ sì ń pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn kan náà ni òfin Nọ́ḿbà 85 dá àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò sílẹ̀. Níwọ̀n bí irú àjọ bẹ́ẹ̀ kò ti fẹ́ kí a gbé ìwà ọ̀daràn ga, kò yani lẹ́nu pé ọlọ́pàá sábà máa ń dé ní ìparí fíìmù àgbéléwò, ìyẹn àwọn fíìmù tí à ń fi fídíò wò nílé, nígbà mìíràn láìsí ìdí kan tó ṣe gúnmọ́.

Kúnlé Afọláyan, ọmọ Adé Love, gba ọ̀nà mìíràn nínú October 1, tó jáde ní 2014. Àwọn wúńdíá ń kú ní ìlú Akote bí òmìnira ọdún 1960 ti ń súnmọ́, a sì rí àmì àgbélébùú tí apààyàn fi ọ̀bẹ fà sí àyà wọn. Adérópò, ọmọ ọba tó kàwé, tí Démọ́lá Adédoyin ṣe, ni apààyàn náà. Àlùfáà tó mú un lọ sí Èkó láti kàwé ló fi ìbálòpọ̀ bà á jẹ́ nígbà ọmọdé. Ohun tó gbé fíìmù yìí ga ni Àgbẹ̀kọ̀yà, tí Kúnlé fúnra rẹ̀ ṣe: ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ó sá padà sí oko, kò sì jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwé. Nítorí náà, ìyà àtijọ́ ṣàlàyé ìwà Adérópò, kò dá a láre.

Nínú King of Boys ti Kémi Adétiba, tó jáde ní 2018, Ẹniọlá Salami gan-an ni olórí àwọn ọ̀daràn, ó sì tún ń wá ipò òṣèlú. Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé fi ìbínú, gèlè àti omijé ìyá tó ṣọ̀fọ̀ ọmọ hun ún pọ̀, débi pé ẹni tó bẹ̀rù rẹ̀ náà á tún káàánú rẹ̀. Fíìmù Agẹṣinkólé, ti 2022, gbé olè padà sí ayé ọba àti oògùn. Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kwara, ló ṣe olè náà.

Nígbà tí Fádèyí Olóró kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, orúkọ ìkà náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn fi kéde ikú rẹ̀.