Láti Ilé Ọtí dé Ilé Eré: Ìtàn Popular Bar Ìlú Òṣogbo àti Onílé Rẹ̀

Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ibi ìfowóṣòfò ni ilé ọtí jẹ́. Ìdí nìyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Ìtàn Popular Bar, ilé ọtí Dúró Ládípọ̀ ní Òṣogbo, fi hàn pé èrò yìí kò kún tó.

Ilé onígbàgbọ́ ni a ti tọ́ Ládípọ̀ (1931–1978) dàgbà, ó sì ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ní ọdún 1961, ó gbé orin Àjíǹde kalẹ̀ ní ìjọ All Saints', Òṣogbo, ó sì fi ìlù dùndún sí i. Èyí bí àwọn kan nínú ìjọ nínú, nítorí pé lójú wọn, ìlù abọ̀rìṣà ni. Ó di dandan kí ó wá ibòmíràn fún iṣẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Ulli Beier, ará Jámánì. Ládípọ̀ ṣeré níbẹ̀, ó sì pinnu pé Òṣogbo gbọ́dọ̀ ní irú rẹ̀. Ilé ọtí rẹ̀ ni ó yọ̀ǹda. Pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Beier, ibi tí àwọn oníbàárà ti ń mu ọtí di ibi eré àti ibi ìpàtẹ àwòrán. Ní oṣù Kẹta ọdún 1962, eré Ọba Mọ́rọ̀ ni wọ́n fi ṣí i.

Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo yí i sí Mbárí-Mbáyọ̀, èyí tí ó jọ "bí mo bá rí i, ǹ bá yọ̀". Nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọ̀mọ̀wé ló pọ̀ jù nínú èrò ti Ìbàdàn, ará ọjà àti ará àdúgbò ni ó ń wòran ní Òṣogbo.

Ọba Kò So jáde níbẹ̀ ní ọdún 1963. Ní ọdún 1964, eré náà dé Berlin. Ní ọdún yìí kan náà ni Georgina Beier kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àwòrán yíyà níbẹ̀. Jimoh Buraimoh, tí ó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré náà, àti Muraina Oyelami, tí ó jẹ́ òṣèré rẹ̀, di ayàwòrán tí ayé mọ̀.

Ní àgbálọgbábọ̀, ìlù tí wọ́n bínú sí nínú ìjọ ni ilé ọtí fún láàyè. Irú ẹni tí onílé jẹ́ ni ó ń sọ ohun tí ilé ń dà. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá àwọn àgbà, ní Abẹ́òkúta àti káàkiri ilẹ̀ Ẹ̀gbá, láti gba ìtàn irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n tó papò dà.