Ẹ̀kọ́ àti ìrírí iṣẹ́ fún káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà

Káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí green card, jẹ́ ìwé tí ìjọba orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń fún àlejò tí ó gbà láàyè láti máa gbé kí ó sì máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí lọ. Iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà rí i. Àyọkà yìí dá lórí ìwé-ẹ̀rí àti ìrírí tí òfin béèrè ní ìsọ̀rí mẹ́ta àkọ́kọ́ ọ̀nà náà, EB-1, EB-2 àti EB-3, àti bí wọ́n ṣe kan àwọn tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ tàbí kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ìpìlẹ̀ òfin náà

Òfin ọdún 1990 ni ó pín físà àwọn òṣìṣẹ́ sí ìsọ̀rí márùn-ún, ìpín náà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá ọdún 1991. Nǹkan bí 140,000 físà ni ó wà fún gbogbo wọn lọ́dún, ọkọ, aya àti ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ náà sì wà nínú iye yìí. Fún ọmọ Nàìjíríà, ọ̀nà iṣẹ́ túbọ̀ ṣe pàtàkì láti ìgbà tí wọ́n ti yọ Nàìjíríà kúrò nínú físà lọ́tìrì, bẹ̀rẹ̀ láti orí ètò ọdún 2015. Lọ́tìrì kò béèrè ju ìwé-ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama, tàbí ọdún méjì nínú iṣẹ́ tí ó gba ìkọ́ṣẹ́. Ọ̀nà iṣẹ́ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ni òfin ń wò

Ohun tí ó máa ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ẹni nìkan ni ó ń sọ ìsọ̀rí tí ó wà. Ohun tí iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ béèrè ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé-ẹ̀rí àti ìrírí tí ó kéré jù tí iṣẹ́ náà gbà sínú fọ́ọ̀mù, kí ó polówó iṣẹ́ náà, kí ó sì fi hàn pé kò sí ọmọ Amẹ́ríkà tí ó tóótun tí ó sì fẹ́ ẹ. Láti oṣù Kẹta ọdún 2005 ni wọ́n ti ń pe ètò yìí ní PERM. Ẹni tí ó ní oyè másítà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò béèrè ju oyè ìmọ̀ àkọ́kọ́ lásán lọ, EB-3 ni yóò wà.

EB-1 wà fún àwọn tí òkìkí wọn ti kàn nínú iṣẹ́ wọn, fún àwọn ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ tí ó ní ẹ̀ka ní orílẹ̀-èdè púpọ̀, àti fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti olùṣèwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí olùṣèwádìí gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọdún mẹ́ta nínú ìkọ́ni tàbí ìwádìí.

EB-2 béèrè oyè tí ó ga ju oyè àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tí ó ní oyè àkọ́kọ́ lè fi ọdún márùn-ún ìrírí dí i, ṣùgbọ́n ìrírí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà tí ó gba oyè, kí ojúṣe rẹ̀ sì máa pọ̀ sí i. Ìkọ́ṣẹ́ SIWES tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe kí ó tó gba oyè kò sí nínú ọdún márùn-ún náà. Ìgbìmọ̀ tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣe ìdájọ́ Dhanasar ní ọdún 2016, èyí tí ó ń tọ́ àwọn tí ń bẹ̀bẹ̀ fúnra wọn láìsí agbanisíṣẹ́, nítorí pé iṣẹ́ wọn ṣe Amẹ́ríkà láǹfààní. Àwọn ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tóótun fún EB-2.

Ìwé-ẹ̀rí HND

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí wọ́n jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe bí èyí tí ó wà ní Sáápàdé. Ọdún méjì ni ND, ọdún méjì ni HND, ọdún ìkọ́ṣẹ́ sì sábà máa ń wà láàárín wọn. Òfin EB-2 ń wá oyè kan ṣoṣo tí ó bá oyè àkọ́kọ́ ti Amẹ́ríkà dọ́gba. Wọn kì í so ìwé-ẹ̀rí kéékèèké méjì pọ̀ kí wọ́n tó kà á sí oyè. Ilé-iṣẹ́ tí ń yẹ ìwé-ẹ̀rí wò lè sọ pé wọ́n dọ́gba, àmọ́ èrò lásán ni èyí jẹ́ lójú àjọ USCIS, kì í ṣe ìdájọ́. Ìyàtọ̀ HND àti B.Sc. tí àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ti ń jà sí nílé tipẹ́ tún bá wọn dé òkè òkun.

Síbẹ̀, ọ̀nà kò dí pátápátá. EB-3 ní ìpín àwọn oníṣẹ́ òye, tí kò béèrè ju ọdún méjì ìkọ́ṣẹ́ tàbí ìrírí lọ, bí agbanisíṣẹ́ bá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù láti ìbẹ̀rẹ̀. EB-2 pẹ̀lú ní ìpín àwọn tí wọ́n ta yọ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà tàbí òwò, tí wọ́n ní láti mú mẹ́ta wá nínú ẹ̀rí mẹ́fà. Lára àwọn ẹ̀rí náà ni ìwé-ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ nínú iṣẹ́ ẹni, ọdún mẹ́wàá ìrírí, ìwé àṣẹ iṣẹ́ àti jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀. HND lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ibi tí kò ti sí àtúnṣe ni ìpín àwọn onímọ̀ ní EB-3: oyè àkọ́kọ́ di dandan níbẹ̀, ìrírí kò sì lè rọ́pò rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà

Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1959 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ó sì di yunifásítì ní 1999, ń fúnni ní oyè nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn nọ́ọ̀sì mìíràn gba dípúlómà ní ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn méjèèjì sábà máa ń bọ́ sí EB-3, nítorí pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì inú wọ́ọ̀dù kò sábà béèrè oyè tí ó ga. Òfin dá wọn sí kúrò nínú ètò PERM, níwọ̀n ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ní ìwé-ẹ̀rí àjọ CGFNS, tàbí tí ó ti yege nínú ìdánwò NCLEX-RN, tàbí tí ó ní àṣẹ iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ tí ó ń lọ. Kí ó tó wọlé, yóò tún gba ìwé-ẹ̀rí VisaScreen, èyí tí ó ní ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú fún ọ̀pọ̀ jù lọ.

Ti àwọn dókítà tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣágámù yàtọ̀. Ìdánwò USMLE àti ẹ̀kọ́ṣẹ́ nínú ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà ni ó sábà máa ń ṣáájú. Dókítà tí ó bá gbà láti fi ọdún márùn-ún tọ́jú aláìsàn ní àgbègbè tí dókítà ti wọ́n lè bẹ̀bẹ̀ fún EB-2 láìsí PERM.

Ẹ̀rí ìrírí

Lẹ́tà ni ẹ̀rí ìrírí. Agbanisíṣẹ́ tàbí ọ̀gá tí ó kọ́ni níṣẹ́ ni yóò kọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ, àdírẹ́sì àti ipò rẹ̀, yóò sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí a ṣe tàbí tí a kọ́. Nítorí náà, jórinjórin tàbí mẹkáníìkì tí ó kọ́ṣẹ́ ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́ lè lo ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀, bí iṣẹ́ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́ bá bá a mu. Ìwé ìgbòmìnira tí ó gbé kọ́ ara ògiri kò sábà tó, nítorí kò sọ ohun tí ó kọ́. Bí ọ̀gá bá ti kú tàbí ilé-iṣẹ́ bá ti kógbá wọlé, àjọ náà lè wo àwọn ìwé mìíràn.

Gbogbo ìwé-ẹ̀rí àti ọdún ìrírí gbọ́dọ̀ ti pé kí ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ tó dé. Ìdájọ́ Wing's Tea House ti ọdún 1977 ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí lórí èyí. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gba PERM, ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ fi fọ́ọ̀mù PERM ránṣẹ́ ni wọ́n ń kà, oyè tí ó bá sì gbà lẹ́yìn ọjọ́ náà kò ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀bẹ̀ yẹn.