Ìtàn Purotéènì Tí Ń Mú Iṣan Ẹ̀jẹ̀ Hù Nínú Ọkàn

Iṣẹ́ ọkàn kì í dúró. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà gbogbo. Bí iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá fún un bá dí, apá tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Ní ìparí ọ̀rúndún ogún, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń béèrè bóyá a lè mú kí ọkàn hu iṣan tuntun fúnra rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn tí ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ ni ìrètí náà ti kọ́kọ́ yọ. Ní 1971, Judah Folkman, oníṣẹ́ abẹ ní Boston, kọ̀wé pé kókó jẹjẹrẹ kò lè tóbi bí kò bá fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun mọ́ra. Ní 1983, Donald Senger, Harold Dvorak àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kéde purotéènì kan tí ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa jò. Ní 1989, Napoleone Ferrara àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní California kéde purotéènì tí ń mú iṣan hù, èyí tí wọ́n pè ní VEGF. Purotéènì kan náà ni méjèèjì.

Ara mọ bí a ti ń díwọ̀n rẹ̀. Bí ọ́síjìn bá dínkù nínú ẹran ọkàn, purotéènì HIF-1, tí Gregg Semenza ṣàwárí, a máa mú kí VEGF pọ̀ sí i. Àwọn mìíràn, bí endostatin tí yàrá ìwádìí Folkman kéde ní 1997, ń kó o ní ìjánu.

Ìtọ́jú kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìdánwò VIVA, tí a tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2003, aláìsàn 178 ni a pín sí ọ̀nà mẹ́ta: àwọn kan gba VEGF díẹ̀, àwọn kan gba púpọ̀, àwọn yòókù gba omi tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn 60 ọjọ́, agbára gbogbo wọn láti rìn lórí ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba VEGF kò ta àwọn yòókù yọ.

Ìkìlọ̀ ti wà nínú àwárí ọdún 1983: iṣan tí VEGF nìkan bá mú hù a máa jò. Àwọn purotéènì mìíràn, bí angiopoietin-1, ni ń mú ògiri rẹ̀ le. Ohun tí ara ń fi ọ̀pọ̀ purotéènì ṣe, ní àkókò àti ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ni a fẹ́ fi ẹyọ kan ṣe. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.