Tírákítọ̀ Inú Ilé Tábà

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ ìtàn iṣẹ́ àgbẹ̀ pé ta ló mú tírákítọ̀ wọ Òkè-Ògùn, ìjọba ni wọn yóò dárúkọ. Wọn ò parọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè pé ta ni kò jẹ́ kó kú síbẹ̀, ẹ ní láti wá sí Ìsẹ́yìn, kí ẹ gba ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ bá àwọn ìyá àgbà tí ọkọ wọn ti lọ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, ní àdúgbò wa, ni mo ti ra Massey Ferguson 165 tí mo ń tọ́jú báyìí.

Inú ilé tábà ló wà. Ẹni tí kò bá dàgbà sí apá ibí lè má mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀: ilé alámọ̀ gíga tí kò ní fèrèsé, tí wọ́n ṣe ojú iná sí nísàlẹ̀, tí wọ́n to ọ̀pá sí lókè, tí ewé tábà ń rọ̀ lára ọ̀pá náà títí ooru yóò fi gbẹ ẹ́. Ilé iṣẹ́ sìgá tí wọ́n dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn ní 1937 ló sọ tábà di owó gidi fún àwọn bàbá wa. Igi tí wọ́n gé fi dáná sí ilé wọ̀nyẹn kò kéré, ojú ọ̀dàn wa ṣì ń sọ ọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tábà sílẹ̀, ilé náà di ilé ewúrẹ́, ilé àgbàdo, ilé ohunkóhun. Bàbá tó ni tírákítọ̀ yìí wó ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ fẹ̀, ó wa ẹ̀rọ náà wọlé, òjò kò sì kàn án mọ́ láti ìgbà náà.

Àwọn ọmọ ti bá àwọn babanbọ́lá sọ̀rọ̀ kí n tó dé. Kílò ni wọ́n fẹ́ fi ta á, bí ẹni ta páànù àlòkù. Mo lọ bá ìyá wọn.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n rà á bó ṣe wà yìí.”

“Ṣé o fẹ́ fi ṣiṣẹ́ ni, àbí o fẹ́ lọ tú u tà?”

“Mo fẹ́ tọ́jú rẹ̀ ni, Màmá.”

“Ohun tí ò bá ṣiṣẹ́, kí ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí?”

Mi ò rí èsì gidi fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n tà á fún mi ṣá, wọ́n sì mú ìwé kan jáde láti inú àpótí, wọ́n ní òun àti tírákítọ̀ kì í pínyà. Ìwé yẹn ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo rà. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Banner Lane, ní ìlú Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí láti 1964 títí di 1975. Ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kógbá wọlé ní 2002. Ẹ́ńjìnnì Perkins ló wà nínú rẹ̀, oní-píísítìn mẹ́rin. Orúkọ Ferguson tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe orúkọ lásán. Kí Harry Ferguson, ọmọ Ireland, tó gbé ọgbọ́n rẹ̀ dé, ńṣe ni tírákítọ̀ ń wọ́ ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn bí ẹṣin ṣe ń wọ́ kẹ̀kẹ́. Bí abẹ bá há sábẹ́ gbòǹgbò, tí táyà ẹ̀yìn kò sì dẹ́kun àtiyí, iwájú ẹ̀rọ á gbéra nílẹ̀, ó sì lè dojú dé lé ẹni tó ń wà á. Ferguson so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tírákítọ̀ ní ojúkò mẹ́ta, méjì nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí abẹ bá bá agídí pàdé nínú ilẹ̀, ọ̀pá òkè yìí á ti agbára náà síwájú, iwájú tírákítọ̀ á sì dúró mọ́lẹ̀.

Ní Òkè-Ògùn, ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú ni ọ̀pá yẹn. Àwọn àgbẹ̀ wa kì í hú kùkùté. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á dáná sun ún, wọ́n á fi ẹmi àti igi irúgbá sílẹ̀ ní ìdúró nítorí òrí àti irú, wọ́n á sì fi kùkùté ìyókù sínú ilẹ̀ kó lè hù padà nígbà tí oko bá sinmi. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ọ̀tá tírákítọ̀ ni. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun ìtúlẹ̀ alábẹ rodorodo ni gbogbo wa ń lò níhìn-ín: tó bá kan gbòǹgbò, á yí gun orí rẹ̀ kọjá. Lára abẹ mẹ́ta tí mo bá lẹ́yìn tírákítọ̀ Bàbá, kò sí èyí tí etí rẹ̀ kò jẹ.

Àwọn òyìnbó ti rí ìyà kùkùté kí tiwa tó dé. Ní 1949, ní Mọ́kwá, òdìkejì Odò Ọya, ìjọba amúnisìn àti àjọ ìdàgbàsókè wọn láti London bẹ̀rẹ̀ oko ńlá kan tí ẹ̀pà jẹ́ olórí ohun ọ̀gbìn rẹ̀, tírákítọ̀ ni wọ́n sì gbójú lé. Owó tí wọ́n ná lórí gígé igi àti híhú gbòǹgbò ga ju èrè oko lọ, nígbà tó di 1954, wọ́n pa á tì. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbìyànjú lọ́nà tirẹ̀. Akin Deko, mínísítà ètò ọ̀gbìn lábẹ́ Awólọ́wọ̀, lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ísírẹ́lì, láti bí 1959 ni wọ́n sì ti ń dá abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé. Ọ̀kan wà ní Ìpàpó, nítòsí wa níbí. Ìjọba tún ní ibi tí wọ́n ti ń fi tírákítọ̀ háyà fún àgbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, owó Báǹkì Àgbáyé wọlé, ONADEP, ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀ fún àríwá Ọ̀yọ́, fìdí kalẹ̀ sí Ṣakí, nígbà tó sì di 1989, ó di OYSADEP fún gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Kí ló dé tí tírákítọ̀ ìjọba kì í pẹ́ kó tó dúró? Mo ti gbọ́ èsì oríṣiríṣi, pé awakọ̀ kò ṣe é jẹ́jẹ́, pé ọ̀gá jẹ owó epo. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò ni mo kọ́kọ́ máa ń bá wí. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa: lọ́sẹ̀ tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ni gbogbo Ìsẹ́yìn ń wá tírákítọ̀, lọ́sẹ̀ náà ni Òtu ń wá a, lọ́sẹ̀ náà ni Ṣakí ń wá a. Ẹ̀rọ tó bá bàjẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, tó ń retí kí ẹnì kan fọwọ́ sí ìwé n'Ìbàdàn kí wọ́n tó ra páìpù epo kan, ọdún ti lọ fún un. Bàbá kò retí ìfọwọ́sí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ló máa ń sùn ní àkókò yẹn.

Ìwé náà ńkọ́? Ìwé ọmọ iléèwé ni, ewé rẹ̀ ti pọ́n bí omi ẹ̀kọ. Bàbá pín ojú ìwé sí mẹ́rin: orúkọ, ibi tí oko wà, ékà, “ó kù”. Ìpàpó wà níbẹ̀, Adó-Àwáyè wà níbẹ̀, Òtu wà níbẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni bí ékà ṣe kéré tó. Ékà kan. Ààbọ̀. “Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́, ékà kan, ó san àpò àgbàdo kan, ó kù.” Àwọn tí oko wọn fẹgbẹ́ kan ara wọn ni orúkọ wọn tẹ̀lé ara wọn, wọ́n ti gbìmọ̀ kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí Bàbá, nítorí kò ní torí ààbọ̀ ékà kan ṣoṣo jó epo dé Òtu. Kò sí olóko ńlá nínú ìwé náà. Àwọn tí ìjọba sọ pé oko wọn kéré jù fún ẹ̀rọ gan-an ló ra táyà fún un.

Jane Guyer, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, rí irú rẹ̀ ní Ìdèrè, n'Ìbàràpá tó wà nísàlẹ̀ wa. Ó gbé ibẹ̀ ní 1968 sí 1969, ó sì padà lọ ní apá ìparí àwọn ọdún 1980. Ọkọ́ àti àdá ló fi sílẹ̀ lọ; nígbà tó padà, tírákítọ̀ háyà ti wọ inú oko àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Iṣu nìkan ni kò gbà fún un. Tírákítọ̀ á tú ilẹ̀, á la poro, kò lè kọ ebè. Àwọn lébírà Àgàtú àti àwọn tó ń ti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wá ló ń kọ ebè títí dòní, ẹni tí kò bá sì rówó wọn san, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ló ń gbìn.

1986 ló sọ tírákítọ̀ ògbólógbòó di ohun iyebíye. Ṣáájú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, tí ìjọba fi iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan kò tó náírà méjì. Kí ọdún tó parí, ó ti lé ní mẹ́ta, kò sì dúró síbẹ̀. Tírákítọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Bàbá ń lọ sí Agodi Gate n'Ìbàdàn lọ ra ohun èlò Perkins. Èyí tí kò bá rí, alágbẹ̀dẹ á rọ ọ́ fún un. Irin tí wọ́n jó mọ́ apá òsì tó ń gbé ohun ìtúlẹ̀ sókè nípọn ju irin tó bá a wá láti Coventry lọ.

Nítorí irú nǹkan báyìí ni mi ò ṣe kùn ún ní ọ̀dà tuntun bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe ní kí n ṣe. Ẹ́ńjìnnì ti gan; mo da dísù àti epo ẹ́ńjìnnì sórí píísítìn, mo fi sílẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Mo pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tó ti gbẹ, mo fọ táńkì, mo lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀nà epo. Ara rẹ̀ ni mi ò fọwọ́ kàn. Ibi tí ẹsẹ̀ Bàbá ti ha irin dán ṣì ń dán. Wáyà tí wọ́n fi ń so màrìwò mọ́ iwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún Ògún ṣì wà níbẹ̀. Mùsùlùmí ni Bàbá, kì í fi ìrun jáfara. Àwọn awakọ̀ rẹ̀ ló ń so ó, kò sì ní kí wọ́n já a.

Orílẹ̀-èdè yìí ti tọ́jú ọkọ̀ ojú irin: wọ́n wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos, wọ́n sì wà ní Jaekel House ní Èbúté-Mẹ́tà. Tírákítọ̀ kò tíì rí irú ojúure bẹ́ẹ̀, ilé ayọ́rin ló ń lọ. Èmi ò ní yàrá ìṣẹ̀ǹbáyé. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń mú ìwé Bàbá kiri, mo ń wá àwọn ìdílé tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi oko náà hàn mí. Ilé ti bo púpọ̀ nínú wọn. Lọ́nà Adó-Àwáyè, mo bá ọ̀kan tí wọ́n ṣì ń dá, ọmọ ọmọ ẹni tó wà nínú ìwé ló sì wà nídìí rẹ̀. Ó ka orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, ó ka “ó kù”, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé tírákítọ̀ náà wá bá òun tú ékà kan bí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun á san owó náà lẹ́yìn ìkórè.