Ara Àtijọ́, Ẹ́ńjìnnì Tuntun: Ìtàn Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà ní Kúbà, 1959 sí 2014

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àlejò tí ó bá dé Havana, olú-ìlú Kúbà, kì í pẹ́ sọ pé ńṣe ni àkókò dúró sójú kan níbẹ̀. Ohun tí ó ń mú wọn sọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn Chevrolet, Buick, Plymouth àti Ford tí a ṣe ṣáájú 1960, tí wọ́n ṣì ń gbé èrò káàkiri ìgboro. Almendrón ni àwọn ará Kúbà ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìrísí rẹ̀ jọ ti èso álímọ́ńdì. Èrò tí pépà yìí gbé kalẹ̀ ni pé ojú lásán ni ó ń tan àlejò jẹ. Bí a bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ẹ́ńjìnnì tí a ó bá níbẹ̀ ti kúrò ní ti Detroit. Ti Rọ́ṣíà, ti Jàpáàn tàbí ti Kòríà ni. Ẹ̀rí bí ènìyàn ṣe ń bá ìgbà yí ni ọkọ̀ náà jẹ́. Pépà yìí yóò ṣàlàyé ohun tí ó fa pípààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí a ṣe ń ṣe é, àti ìdí tí kò fi tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ ru ìjọba kan ṣoṣo.

2.0 Bí Ọ̀nà Ṣe Dí

Ṣáájú 1959, ọjà Amẹ́ríkà ni Kúbà jẹ́. Láti Key West ní Florida sí etíkun Kúbà kò ju nǹkan bí 150 kìlómítà lọ, ọkọ̀ ojú omi sì ń kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọlé láìsí ìdíwọ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1959, Fulgencio Batista sá kúrò nílùú, agbára sì bọ́ sọ́wọ́ Fidel Castro àti àwọn tí ó bá a jà. Nígbà tí ìjọba tuntun bẹ̀rẹ̀ sí gba ilé-iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà fi òfin dí ọjà tí ń lọ sí Kúbà ní oṣù kẹwàá 1960, àfi oúnjẹ àti oògùn. Ní oṣù kejì 1962, Ààrẹ John F. Kennedy mú òfin náà gbòòrò dé orí òwò gbogbo. Láti ìgbà náà ni písítìnì, bíárìn àti kàbúrétọ̀ tí ó yẹ fún àwọn ọkọ̀ náà kò ti rí ọ̀nà tààrà wọlé mọ́.

Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì fi ọkọ̀ tirẹ̀ dí àlàfo yìí: Moskvich, Volga, àti Lada tí a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1970. Ṣùgbọ́n ìjọba Kúbà ni ó ń pín wọn fún àwọn òṣìṣẹ́, dókítà, eléré ìdárayá àti ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó yàn. Ẹni tí ìpín kò kàn, ọkọ̀ tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ ni yóò máa tún ṣe. Láàárín ìgbà yìí ni ẹ́ńjìnnì Volga, onísílíńdà mẹ́rin tí ó jẹ́ nǹkan bí lítà 2.4, bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ara Chevrolet àti Ford. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ.

Ìdíwọ́ kejì le ju ti ìṣáájú lọ. Nígbà tí Sófíẹ́ẹ̀tì tú ká ní 1991, epo tí ń wá sí Kúbà ní owó pọ́ọ́kú dín kù gidigidi. Ìjọba sọ ìgbà náà ní “àkókò àkànṣe”. Kẹ̀kẹ́ Ṣáínà gba títì, bọ́ọ̀sì sì di ọ̀wọ́n. Ẹ́ńjìnnì Amẹ́ríkà tí ń mu epo bí omi wá di ẹrù tí kò ṣeé rù. Bí ẹ́ńjìnnì náà tilẹ̀ ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ rẹ̀ kò sí.

3.0 Bí A Ṣe Ń Ṣe Iṣẹ́ Náà

Ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà tí ó bá ọ̀pọ̀ Chevrolet ìgbà náà wá jẹ́ nǹkan bí lítà 3.9. Sílíńdà rẹ̀ tò tẹ̀lé ara wọn, nítorí náà ó gùn. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì onísílíńdà mẹ́rin kúrú jù ú lọ, àyè rẹ̀ kì í sì í ṣòro. Ojú ìdè ni ìṣòro wà. Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì tuntun kò bá ojú ihò ara ṣásí mu, nítorí náà wẹ́dà ní láti gé irin kí ó sì jó o mọ́ ṣásí kí ẹ́ńjìnnì lè rí ibi jókòó. Ihò tí a fi ń de ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà kò bára mu pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi sábà máa ń gbé ẹ́ńjìnnì àti jíà rẹ̀ wọlé pọ̀. Èyí tún bí òmíràn: ọ̀pá tí ń gbé agbára láti ìdí jíà lọ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yóò kúrú jù tàbí kí ó gùn jù. A ó gé e, a ó sì jó o padà ní ìwọ̀n tuntun. Bí ó bá wọ́ díẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa gbọ̀n.

Ọdún tí a ṣe ọkọ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Chevrolet títí dé ti 1954 ní páìpù irin tí ó bo ọ̀pá yìí, agbára bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ fóòtì 6. Láti orí ti 1955, páìpù náà kò sí mọ́, iná sì di fóòtì 12. Fóòtì 12 sì ni sítátà ẹ́ńjìnnì tuntun ń lò. Ẹni tí ó ní Chevrolet 1953 yóò sanwó wáyà àti bátìrì, yóò sì wá nǹkan ṣe sí páìpù ìdí ọkọ̀. Ẹni tí ó ní ti 1955 bọ́ nínú púpọ̀ nínú wàhálà yìí.

Dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀pọ̀ yàn lẹ́yìn 1991. Ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ gidigidi ni ooru rẹ̀ ń mú epo gbiná. Kì í jẹ epo tó ti pẹtiróòlù, ó sì lágbára láti gbé ẹrù wúwo. Ariwo àti èéfín ni ìyà rẹ̀, àwọn tí ń gbé lẹ́bàá títì sì ń pín nínú ìyà náà.

Kúbà yìí kan náà ni àwọn Lukumí, àtọmọdọ́mọ àwọn Yorùbá tí a kó lẹ́rú, ti pa Ògún mọ́ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà irin. Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo mẹkáníìkì Havana ni ó ń bọ ọ́, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀wọ̀ fún ẹni tí ń fi irin dárà kì í ṣe àjèjì níbẹ̀.

4.0 Òfin àti Owó

Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń fi gbogbo ọ̀ràn yìí sọrí òfin Amẹ́ríkà. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Òfin Kúbà fúnra rẹ̀ ni pé ọkọ̀ tí ó ti wà nílùú ṣáájú 1959 nìkan ni ènìyàn lè rà tàbí tà bí ó ṣe wù ú. Títí di ọdún 2011 ni èyí fi rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ àtijọ́ wá di ohun-ìní kan tí ọwọ́ ìjọba kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀. Nígbà tí ìjọba sì fàyè gba àwọn iṣẹ́ àdáni kan ní 1993, ọkọ̀ náà di oko àti ọjà fún ẹni tí ó ni ín. Kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí oko rẹ̀ kú nítorí ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀rí tí ó fìdí èyí múlẹ̀ hàn ní oṣù kìn-ín-ní 2014, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ta ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá lówó. Iye tí a lẹ̀ mọ́ Peugeot 508 kan lé ní 260,000 dọ́là, ní ìlú tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́ nǹkan bí ogún dọ́là. Ọjà ṣí, ṣùgbọ́n apá tálákà kò ká a. Mẹkáníìkì kò pa irinṣẹ́ rẹ̀ tì.

5.0 Ìpààrọ̀ Kan Náà, Ìtumọ̀ Méjì

Àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà náà pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn tí Cadillac gbé ẹ́ńjìnnì V8 tuntun jáde fún 1949, tí Chevrolet sì gbé tirẹ̀ jáde fún 1955, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé wọn sínú Ford àtijọ́ kí ó lè sáré. Eré ni wọ́n ń wá; ará Kúbà ń wá oúnjẹ òòjọ́. Lójú agbowó-ọkọ̀-àtijọ́-pamọ́, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti yí padà kò pé mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ojú òpìtàn wò ó, ọkọ̀ tí ó pé láti ọjọ́ tí a ti ṣe é kò ní ìtàn tó èyí tí ara rẹ̀ jẹ́ ti 1955, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti ìgbà mìíràn, tí ojú ìjóná irin sì ń sọ ti ìgbà ọ̀dá epo.

6.0 Ìkádìí

Nǹkan mẹ́ta ni ó pàdé nínú ọ̀ràn yìí: òfin Amẹ́ríkà tí ó dí ọ̀nà, òfin Kúbà tí ó sọ ọkọ̀ àtijọ́ di ohun-ìní iyebíye, àti ọ̀wọ́n epo lẹ́yìn 1991. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó fi méjì sílẹ̀ kò ní lóye ìdí tí iṣẹ́ náà fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ Detroit ni ó wà lára irin náà, òun sì ni àlejò ń yà ní fọ́tò. Orúkọ àwọn wẹ́dà àti mẹkáníìkì tí wọ́n mú un rìn láti 1960 kò sí lára rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn yẹ kí ó wọ inú ìwé ìtàn Kúbà, nítorí pé láìsí wọn, irin tí ó dáké sínú ọgbà ni ọkọ̀ náà ì bá jẹ́.