Àwọn Tí Ó Fi Orí Omi Ṣe Ilé

Àwọn àgbà a máa wí pé ibi tí orí bá dá ni sí ni à á gbé. Àárín ilẹ̀ ni orí dá púpọ̀ nínú wa sí, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé orí omi ni a gbé bí wọn, tí wọ́n sì fẹ́ dàgbà síbẹ̀. Bí a bá dárúkọ wọn, ẹ̀rín ni àwọn ará ìlú ńlá ń rín. Wọn a ní ìyà ni ó lé wọn débẹ̀. Wọn a ní ojú wọn kò tíì là. Ẹ jẹ́ kí a bi ìtàn léèrè, kí a gbọ́ ohun tí yóò sọ.

Láti Accra, olú-ìlú Gánà, ni a ó ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Òkúdù ọdún 2015, òjò ńlá kan rọ̀ sí ìlú náà. Odò Odaw, tí ó ń ṣàn gba ìgboro kọjá lọ sí ọ̀sà Korle, kún àkúnya. Ní àdúgbò tí a ń pè ní Circle, àwọn tí ó ń sá fún òjò ti kó ara wọn jọ sí ilé epo kan. Lójijì ni iná sọ níbẹ̀. Àwọn tí omi àti iná pa ní alẹ́ ọjọ́ náà lé ní 150. Kì í ṣe orí omi ni àwọn wọ̀nyí ń gbé. Omi ni ó wá bá wọn ní orí ilẹ̀. A ti kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà rẹ̀, a sì ti fi pàǹtí dí gọ́tà tí ì bá gbà kọjá.

Ní orílẹ̀-èdè kan náà, ní apá ìwọ̀-oòrùn, nítòsí Beyin níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ odi Apollonia sí ní nǹkan bí ọdún 1770, abúlé kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Nzulezu. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Nzema ni 'orí omi'. Òpó igi ni wọ́n rì mọ́ ìsàlẹ̀ adágún, tí wọ́n sì fi igi àti ọ̀pá ògùrọ̀ tẹ́ ilé àti ọ̀nà gbọọrọ tí ó la abúlé náà já. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn ni pé láti Walata, ní ilẹ̀ ọba Gánà àtijọ́, ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá, àti pé ìgbín kan ni ó ṣáájú wọn débẹ̀. Yálà a gba ti ìgbín gbọ́ tàbí a kò gbà á, ibi ààbò ni wọ́n ń wá. Àgbẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú wọn: wọn a wa ọkọ̀ lọ sí oko lórí ìyàngbẹ ilẹ̀, wọn a sì wà á padà sílé.

Ìtàn Ganvié sún mọ́ wa ju èyí lọ. Adágún Nokoué ni ó wà, ní àríwá Kútọnu, ní ilẹ̀ Benin tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975. Àwọn Tofinu ni ó tẹ̀ ẹ́ dó. Ní ìgbà òwò ẹrú, tí ogun Dahomey ń kó ènìyàn lọ tà fún Òyìnbó, a gbọ́ pé èèwọ̀ ni fún àwọn jagunjagun náà láti jà lórí omi. Ìdí nìyí tí àwọn Tofinu fi fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀tá. 'A ti là' ni wọ́n túmọ̀ orúkọ ìlú náà sí. Lónìí àwọn ará ibẹ̀ lé ní 20,000. Wọn a máa gún ẹ̀ka igi jọ sínú omi bí ọgbà. Ẹja a wọ ibẹ̀ láti jẹ àti láti bí sí i, wọn a sì kó o bí àgbẹ̀ ti í kórè. Inú ọkọ̀ ni àwọn obìnrin ti ń ná ọjà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ṣàìní irú rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1761 ni wọ́n ti ń gbẹ́ odò àtọwọ́dá káàkiri, tí ọkọ̀ tóóró, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7, sì ń fi ibẹ̀ kó èédú àti ọjà. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé tí ó gba òwò náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ kò lè san owó ilé mọ́. Wọ́n kó aya àti ọmọ sínú ọkọ̀, yàrá kékeré kan sì di ibi ìdáná àti ibùsùn gbogbo wọn. Lónìí, àwọn tí owó ilé Lọ́ńdọ̀nù ga jù fún ń gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ń pè wọ́n ní ará oko.

Àǹfààní wo wá ni ó wà níbẹ̀? Èkíní ni ààbò, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i. Èkejì, oúnjẹ àti ọ̀nà wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ àti àjẹ̀ ti ní ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó ń kọ́ ni ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, nítorí ilé kékeré kò gba ohun tí kò wúlò. Ẹ̀kẹrin, ó ń so aládùúgbò pọ̀: bí afárá tí gbogbo wa ń tẹ̀ bá jẹrà, gbogbo wa ni a ó jọ tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi ojú kan wo ọ̀ràn náà. Omi tí a ń gbé orí rẹ̀ kì í sábà ṣeé mu, ilé onígi sì yára jóná. Ní Ayétòrò, ìlú Ìlàjẹ tí a tẹ̀ dó létí òkun ní ọdún 1947, tí gbogbo ará ìlú jọ ń ṣiṣẹ́ sí àpò kan, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ.

Síbẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń ba àwọn ará orí omi lẹ́rù ju omi lọ. Ní oṣù Agẹmọ ọdún 2012, ìjọba Èkó fún àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ tí ó wà ní Mákòókó ní wákàtí 72 láti kó kúrò, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ilé. Ní Accra pẹ̀lú, lẹ́yìn àkúnya ọdún 2015, a wó ilé àwọn tálákà tí ó wà ní Old Fadama létí ọ̀sà Korle. Ìjọba ní wọ́n dí ọ̀nà omi. Òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n níbo ni a ní kí wọ́n gbà lọ? Ẹni tí ó sì kọ́ ilé alájà dí odò, ta ni ó wó tirẹ̀?

A kì í bá omi ṣọ̀tá. Àwọn ará Nzulezu àti Ganvié kò dí omi lọ́nà; wọ́n gbé ilé wọn sókè, omi sì ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìjọba bá fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́, kí ó fún wọn ní omi mímu, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn, kí ó sì bá wọn jókòó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí wó nǹkan. Bí àwa ará ìgboro náà bá sì fẹ́ gbọ́n, kí a lọ kọ́ bí a ti ń fi àyè sílẹ̀ fún omi lọ́dọ̀ àwọn tí à ń fi rẹ́rìn-ín.